Ọpọ́n Inú Gíláàsì: Ọjọ́ tí Èmi àti Alàájì Rìn láti Marina dé Oníkàn

Ìrìn ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lẹ́ẹ̀kan yìí. N kò lọ sí òkè òkun, n kò wọ bàálù. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti gbéra, Oníkàn ni mo rìn dé, mo sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́, ó sì kan gbogbo ilé tí ó bá ní ojúbọ.

Ẹni tí a jọ lọ ni Alàájì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Agboolé wa kò jìnnà síra, ilé ìwé kan náà la lọ. Èmi di babaláwo bíi bàbá mi. Òun lọ kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, ó sì ṣiṣẹ́ ní NEPA títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń kí ìrun márààrún, èmi ń bọ Ifá mi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí a ti mọra, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Yẹ̀yẹ́ ni a máa ń fi ara wa ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Awo, àwọn ọmọ tèmi ń pè é ní Bàbá Alàájì.

Òun ló pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan. Ó ní, "Awo, ọmọ ọmọ mi bi mí léèrè ẹni tó gbẹ́ Ṣàngó iwájú NEPA, n kò rí èsì fọ̀. Ọdún mélòó ni mo fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá? Jẹ́ ká lọ wò ó lọ́la. Tí a bá kúrò níbẹ̀, a ó yà sí mùsíọ́mù."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ wò ní mùsíọ́mù?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọpọ́n bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ ọpọ́n náà

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró síbí ná, kí n sọ ti ọpọ́n yẹn. Ọpọ́n róbótó ni, ojú Èṣù wà lókè rẹ̀, ẹyẹ àti ejò sì wà léteetí. Bàbá mi jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Nígbà tí a wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi àti Alàájì ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà nínú yàrá tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ wọ̀. Alàájì gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lọ lu ọpọ́n tí ó fara ti ògiri, ọpọ́n ṣubú, etí rẹ̀ lápá òsì sì fọ́. A dúró gbagidi, a ń retí ẹgba. Bàbá kò nà wá. Wọ́n mú ìṣó idẹ kékeré kan, wọ́n fi kan ibi tó fọ́ mọ́ ara rẹ̀ padà. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó dáadáa o, kí ẹ lè máa dá a mọ̀."

Bàbá mi wọlẹ̀ ní 1981. Ìjẹ̀bú ni mo wà nígbà náà, mo ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ awo mìíràn. Kí n tó dé, ẹnì kan nínú ẹbí, tí ẹ̀sìn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lára rẹ̀, ti palẹ̀ ojúbọ mọ́. Ó dáná sun àwọn kan lẹ́yìnkùlé. Ọpọ́n, agéré àti ìrọ́kẹ́, ó tà wọ́n fún oníṣòwò kan tó gbé mọ́tò wá. Ikin nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí àbúrò bàbá mi obìnrin ti tètè kó o sínú agolo Bournvita, ó sì so agolo mọ́ abẹ́ ìró. Ikin yẹn ni mo ń lò títí di òní. Ẹni tó ta ọpọ́n ti kú, n kò bá òkú jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti rí ọpọ́n Ifá, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ lójú gíláàsì, etí òsì rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò, bóyá mo máa rí ìṣó idẹ.

Ṣàngó ní Marina

A pàdé ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀, a rìn dé Marina. Ṣàngó náà dúró níwájú ilé gogoro tí ó jẹ́ oríléeṣẹ́ iná mànàmáná, ó gbé oṣé sókè. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, tí wọ́n bí ní 1917 tí ó sì kú ní 1994, ló ṣe é. Ní 1964 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ náà ṣì ń jẹ́ ECN, kí ó tó di NEPA ní 1972.

Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ Ìgbò ló rọ Ṣàngó fún iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ẹni tó pè é ní ìbọ̀rìṣà. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò dúró fún agbára iná, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n mú. Àwa Yorùbá pàápàá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òyìnbó gbé iná yìí dé Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kò yá orúkọ lò. A wò ó, a ní iná mànàmáná ni. Ohun tí ń kọ lójú ọ̀run la rí nínú gílóòbù.

Alàájì wá ṣe tíṣà fún mi lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní inú ìkùukùu dúdú, omi dídì wẹ́wẹ́ àti yìnyín ń gbá ara wọn, wọ́n ń ha ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn ń fi kóòmù ike ya irun nígbà ọyẹ́ tí irun ń ta pàrà. Agbára iná á pín sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí ó bá pọ̀ jù, á wá ọ̀nà bọ́ sílẹ̀, ohun tó bá sì ga jù níbẹ̀ ló sábà máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé irin bàbà sórí ilé gíga, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ ilẹ̀, kí mànàmáná lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni. Ó tún kọ́ mi pé tí mànàmáná bá kọ, kí n máa kà: bí mo bá kà dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ààrá tó sán, ibẹ̀ tó kìlómítà kan sí mi.

Ó wá fi ìgúnpá gún mi. "Awo, nígbà tí o ti wá mọ èyí, kí ni Ṣàngó tún ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Alàájì, nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ bímọ lọ́dún tó kọjá, ṣé dókítà kò ṣàlàyé fún yín bí oyún ṣe ń dàgbà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀?"

Ó ní, "Ó ṣàlàyé."

Mo ní, "Kí ló dé tí o tún fi pa àgbò, tí o ń ṣe Alihamudulilai?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí ọmọ awo sá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó mọ ọ̀nà tí nǹkan gbà ń ṣẹlẹ̀ kò tíì sọ ẹni tí a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní irin bàbà tí ó lè gba ilé rẹ là, gbé e sórí ilé, kí o sì so ó mọ́ ilẹ̀ kí òjò tó ṣú. Bàbá Ṣàngó kò ní bínú.

Oníkàn

A gba ẹ̀gbẹ́ Freedom Park kọjá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ síbẹ̀, kí ó tó di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Láti ibẹ̀ kò jìnnà sí mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn.

Ìtàn mùsíọ́mù yìí dùn ún gbọ́. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, ẹni àkọ́kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín wa nínú yíya àwòrán lọ́nà ìgbàlódé, ló rọ ìjọba láti mú olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kún un. Kenneth Murray ni wọ́n mú wá ní 1927. Dípò kí òyìnbó yìí máa kọ́ àwọn ọmọ ní ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan, ohun tí bàbá wọn ń gbẹ́, tí wọ́n ń mọ, tí wọ́n ń hun ni ó ní kí wọ́n wò. Enwonwu tó rọ Ṣàngó wà lára àwọn ọmọ tó kọ́. Murray ló ń pariwo létí ìjọba pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣòfò, ó sì rí i dájú pé mùsíọ́mù Oníkàn ṣí ilẹ̀kùn ní 1957. Iṣẹ́ Enwonwu mìíràn wà níbẹ̀, Anyanwu, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi idẹ rọ, orúkọ òrìṣà oòrùn àwọn Ìgbò ni wọ́n fi pè é. Ìkejì rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Nàìjíríà ló fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1966.

Ní ti orí idẹ Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa rò pé òyìnbó nìkan ló mọ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n á fi amọ̀ mọ inú rẹ̀. Wọ́n á fi ìda oyin bo amọ̀ náà, ara ìda yìí ni wọ́n á ti fi ọwọ́ yọ ojú, imú, ẹnu, àti ilà. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á dá ihò sí i. Bí wọ́n bá gbé e sínú iná, ìda á yọ́ jáde, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta, orí ọba á yọ. Bí ooru bá dín díẹ̀, ó bàjẹ́. Bí atẹ́gùn bá há sínú rẹ̀, ó bàjẹ́. Ẹni tó ṣe é mọ ìwọ̀n ooru láìní ẹ̀rọ tí ń wọn ooru. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ irú orí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá lábẹ́ ilẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Abidemi Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, wọ́n sì rí i pé Ifẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti sè é látinú ohun ilẹ̀ wọn, ní ọgọ́rùn-ún ọdún bíi mélòó kan kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ẹ̀yin ọmọ Olókun, ẹ gbọ́ o.

A dé ibi òkúta kan tó tẹ́jú lẹ́nu bí àáké. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àáké òkúta ayé àtijọ́ ni. Alàájì wò mí lójú, kò sọ̀rọ̀. Ohun tí à ń pè ní edùn ààrá nìyẹn. Àwọn oníwádìí ní àwọn èèyàn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ló lọ̀ ọ́. Wọ́n ti rí egungun èèyàn kan ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965, tí ó ti lé ní ọdún 11,000, nítorí náà èèyàn ti wà níhìn-ín tipẹ́tipẹ́.

N kò bá ìwé náà jà. Mo ní, "Alàájì, ọwọ́ èèyàn ló so ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi. Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ọpọ́n. Bí ọwọ́ àwọn baba ńlá wa bá lọ edùn ààrá, tí òjò Ṣàngó wá hú u jáde fún wa, èwo ló bàjẹ́ níbẹ̀?" Ó mi orí. Òun náà mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn lè di ohun ọ̀wọ̀.

Níwájú ọpọ́n

Lẹ́yìn èyí la dé ibi tí ohun èlò Ifá wà. Ọpọ́n kan wà nínú gíláàsì, ojú Èṣù lókè. Ọkàn mi lù kìkì. Kí n tó gbé ojú síbẹ̀ dáadáa, Alàájì ti tẹ̀ ba, ó gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń wo etí òsì. Ó wò ó, ó wò ó. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di eékún mú.

Ó ní, "Kò sí ìṣó."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ti bàbá mi fẹ̀ jù ú lọ."

Ó ní, "Awo, èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù yẹn." Bí ẹni pé a kò mọ̀. Bí ẹni pé nítorí bọ́ọ̀lù ló ṣe sọnù. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, a sì dúró síbẹ̀.

Bí a ti dúró ni àwọn ọmọ ilé ìwé kan wọlé pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Olùkọ́ náà fi ọwọ́ han ọpọ́n, ó ní, "Èyí ni àwọn baba ńlá wa ń lò láyé àtijọ́ láti fi wádìí ọ̀rọ̀." Ọmọbìnrin kékeré kan bi í pé, "Ṣé àwọn tó ń lò ó ti kú tán ni?" Alàájì tì mí láti ẹ̀yìn. "Dá a lóhùn. Ṣé o ti kú ni?"

Mo na ọwọ́ òsì mi, mo fi ìdè han ọmọ náà. Mo ní, "Ìyá mi, àárọ̀ yìí náà ni mo tẹ ìyẹ̀rosùn kí n tó jáde nílé." Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n yí mi ká. Mo ṣàlàyé pé ikin mẹ́rìndínlógún ni à ń gbá. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, a tẹ ojú méjì, bí méjì bá ṣẹ́ kù, a tẹ ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ la ó tẹ̀ kí odù tó jáde. Odù méjì mẹ́rìndínlógún ló wà, bí wọ́n bá sì so pọ̀ mọ́ra wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256.

Alàájì gbà á lẹ́nu mi. Ó ní kọ̀ǹpútà náà, ipò méjì ló mọ̀, iná wà tàbí iná kò sí. Bí a bá to irú ipò bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ pọ̀, iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò ni 256. Ọmọkùnrin kan ní irọ́ ni. Alàájì ní kó ṣírò rẹ̀: ó mú méjì, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí ó fi dé ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó sì bá a bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wá lọ máa sọ níta pé Ọ̀rúnmìlà ló ṣe kọ̀ǹpútà o. Ìṣirò kan náà ni, ó tó bẹ́ẹ̀. Ifá kò nílò ìfọ́nnu. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008. Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni pé ọmọ Èkó kan dúró níwájú ọpọ́n, ó sì rò pé gbogbo wa ti kú.

Ta ló kó o lọ?

Lórí bẹ́ǹṣì níta, a jẹ búrẹ́dì, a mu omi tútù. Mo ní fún Alàájì pé inú ń bí mi pé kò sí orúkọ agboolé kankan lára ọpọ́n yẹn. Ilé ẹnì kan ló ti wá. Ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ, ẹnì kan ló fi jókòó ti aláìsàn.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òyìnbó kó nínú rẹ̀ lọ. Ní 1897, wọ́n jó ààfin Benin, wọ́n sì kó ẹrù ọba lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ kí díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí padà: ní 2025, Netherlands dá 119 padà, ní mùsíọ́mù Oníkàn yìí gan-an sì ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Àwọn mìíràn jáde nípasẹ̀ òwò. Ọpọ́n Ifá tó dàgbà jù lọ tí a mọ̀ tó ṣì wà láyé wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Láti Àlàdá, ní ilẹ̀ Benin Republic òde òní, ni wọ́n ti gbé e, ó sì ti wà nínú àkójọ oníṣòwò kan níbẹ̀ kí 1660 tó pé. Ó ti lé ní 360 ọdún, igi rẹ̀ kò jẹrà. Ǹjẹ́ nílé wa, ọpọ́n wo ló dàgbà tó bẹ́ẹ̀? Ikán jẹ òmíràn, iná jẹ òmíràn, a sì fi ọwọ́ ara wa ta òmíràn. Ọpọ́n bàbá mi, kì í ṣe sójà Gẹ̀ẹ́sì ló kó o. Ẹbí mi ló tà á.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a yà sí John Randle Centre tó wà nítòsí ibẹ̀, ilé tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní 2023. Dókítà John Randle, oníṣègùn Èkó ni. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ̀ láti kọ́ ibi tí àwọn ọmọ dúdú yóò ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní Oníkàn ní 1928. Ohun tí mo mú níbẹ̀ nìyẹn: kò dúró de ẹni tó kọ̀ fún un.

Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ilé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun èlò ojúbọ tí ẹ̀wọ̀ rẹ̀ bá gba fọ́tò, iwájú, ẹ̀yìn, àti ibi tó bá ní àpá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ rẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ẹ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, bí ó ṣe tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ sọ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn yín nígbà tí ojú yín ṣì là, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ tó fẹ́ ẹ, ẹ kó o fún ẹgbẹ́ awo àdúgbò, tàbí kí àwọn àgbà kọ́kọ́ ṣe ètùtù tó yẹ kí ẹ tó gbé e fún mùsíọ́mù, kí orúkọ agboolé yín sì bá a lọ. Bí oníṣòwò bá kan ilẹ̀kùn, ẹ rántí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtàn rẹ̀, nítorí ọmọ tó mọ ìtàn ọpọ́n kò ní tà á ní owó igi.

Nígbà tí a dé Ìsàlẹ̀ Èkó, Alàájì kò yà sílé rẹ̀. Ó kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, ó tẹ̀ lé mi wálé pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ní fóònù dáadáa. Ó ní, "Awo, àwa méjèèjì ò kéré mọ́. Èwo ni kí a kọ́kọ́ kọ?"

Mo gbé ọpọ́n tí mo ń lò jáde, èyí tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ fún mi lẹ́yìn tí ti bàbá mi ti lọ. Ọmọ náà yà á. Mo gbé agolo Bournvita jáde, ó ti dípẹtà, ó yà á. Mo ń pè, Alàájì ń kọ, ó ń fi nọ́ńbà sí i, títí a fi dé mẹ́tàlélógún. Mo dárúkọ ọmọ mi tí yóò gbà á. Alàájì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí a parí, ó tún ṣí ojú ìwé kan sí i. Ó kọ síbẹ̀ pé: ọpọ́n kan, róbótó, ojú Èṣù lókè, ìṣó idẹ kan létí òsì, ó sọnù ní 1981. Ó ní kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn wa lè dá a mọ̀.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ kí a sọ ohun tiwa nù mọ́. Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ.